Oògùn HIV tí wọ́n ń fúnni ní ọsibítù míṣọ́n: ta ló ń sanwó ẹ̀, kí wá ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìpínlẹ̀ Kogi níbí, láti Egbe dé Isanlu, dé Mopa, dé Kabba títí wọ Lokoja, àwọn èèyàn sì ń tìtorí ẹ̀ kú ikú tí kò yẹ kí wọ́n kú. Ẹ ó gbọ́ tẹ́nì kan á ní oògùn HIV tí wọ́n ń fúnni ní ọsibítù míṣọ́n, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, tí o ò bá ti í ṣe ọmọ ìjọ wọn o ò lè rí i gbà. Ẹlòmíì á ní àwọn òyìnbó ló ń kó o wá, a ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ẹlòmíì tún á ní ṣebí pásítọ̀ ti gbàdúrà, tẹ́ẹ̀sì sì ti jáde pé wọn ò rí nǹkan kan mọ́, kí lèèyàn tún ń gbé oògùn mì fún lójoojúmọ́. Nígbà míì inú ilé kan ṣoṣo lẹ ti máa gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo wà lára àwọn obìnrin ìjọ tó máa ń bẹ aláìsàn wò lápá Yàgbà níbí. Èmi kì í ṣe dókítà o, àmọ́ mo ti jókòó lórí bẹ́ńṣì kílíníkì pẹ̀lú àwọn èèyàn débi pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ́. Kí n kúkú ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀: oògùn yẹn kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì ò lè fi dù yín, kò sì sí pásítọ̀ tó láṣẹ láti ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Ohun tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni gbogbo nǹkan tó yí oògùn náà ká, oúnjẹ, owó ọkọ̀, ọmọ tí bàbá ẹ̀ ti kú, ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn lóru, ibẹ̀ gan-an la sì ti ń ṣe díẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ nítorí àwọn tó ń da wọ́n pọ̀. HIV ni kòkòrò náà fúnra ẹ̀. Éèdì ni ibi tó ń gbé èèyàn dé tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀. Àwọn sójà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àìsàn jà, CD4 làwọn dókítà ń pè wọ́n, àwọn gan-an ni HIV ń wọ̀ lára tó ń pa díẹ̀díẹ̀, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kí ẹni náà tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ìgbà tí iye wọn bá ti wálẹ̀ tí kò tó 200 mọ́ nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kà á, ikọ́ ife, ìgbẹ́ gbuuru tí kò dáwọ́ dúró, egbò ẹnu, rírù tí èèyàn ń rù, gbogbo ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, ìyẹn ni éèdì. Torí náà ẹni tó ní HIV tó tètè mọ̀ tó sì ń lo oògùn ẹ̀ lè má mọ bí éèdì ṣe ń rí láyé ẹ̀, á ṣiṣẹ́, á bímọ, á sì rí ọmọ ọmọ ẹ̀.

Wàyí o, báwo ni míṣọ́n ṣe bọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí? Nílẹ̀ Yàgbà, àwọn tó mú ìhìnrere wá náà ló mú ìwòsàn òyìnbó wá. Ọdún 1893 làwọn tó dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) sílẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó, ní 1902 wọ́n rí ibùdó ní Patigi lọ́dọ̀ àwọn Nupe, nígbà tó sì di 1908 Tommy Titcombe dé Egbe, ẹni tí àwọn èèyàn wá ń pè ní Òyìnbó Egbe. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ bí òun àti ìyàwó ẹ̀ Ethel ṣe gba ìbejì là nígbà tí wọ́n ṣì ń pa ìbejì. Nínú àwọn ọdún 1950 ni ọsibítù Egbe bẹ̀rẹ̀, ìjọ ECWA tó tinú iṣẹ́ SIM jáde sì di èyí tó dá dúró ní 1954, ọwọ́ wọn ni ọsibítù náà wà lónìí. Àwọn Kátólíìkì náà ní tiwọn ní Kabba. Nítorí náà nígbà tí Nàìjíríà kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní éèdì ní 1986, tí àìsàn náà sì ń tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí àwọn èèyàn abúlé ti mọ̀ pé wọ́n á gbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀kadà tí nọ́ọ̀sì á sì gbà á wọlé, ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ní lọ́wọ́ nígbà yẹn? Kò pọ̀. Ní 2001, nínú 100 aboyún tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò káàkiri Nàìjíríà, bíi mẹ́fà ló ní in, 5.8 gan-an ni. Oògùn tó ń mú HIV rọlẹ̀ ti wà lókè òkun, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún 2000 ó tó bíi $10,000 fún ẹnì kan lọ́dún kan. Ta ló ní in ní Ponyan tàbí Ejuku? Torí náà iṣẹ́ míṣọ́n nígbà yẹn ni kí wọ́n tọ́jú egbò ẹnu, kí wọ́n wo ikọ́ ife, kí wọ́n fún èèyàn lómi iyọ̀ òun ṣúgà nígbà tó bá ń yàgbẹ́, kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má jẹ́ kó dá nìkan kú. Ẹni tó bá dàgbà níbí nígbà yẹn á rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbé èèyàn dé láti Èkó tàbí Àbújá, tí wọ́n á ní ibà ni, tí wọ́n á tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n á sì ya ife ẹ̀ àti abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀. Abọ́ yẹn ò nídìí kankan o, HIV kì í gba inú oúnjẹ tàbí ife, kì í gba ara dídì mọ́ra, ẹ̀fọn kì í gbé e. Ìbálòpọ̀, ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ àti bíléèdì tí wọ́n jọ lò, àti láti ara ìyá sí ọmọ, ọ̀nà ẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan yí padà nígbà tí owó ńlá dé. Ọdún 2002 ni wọ́n dá Global Fund sílẹ̀, àjọ tó ń fowó gbógun ti HIV, ikọ́ ife àti ibà, oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń dá owó sí i, Geneva ni ọ́fíìsì wọn wà. Ní 2003 George W. Bush tó jẹ́ olórí Amẹ́ríkà dá PEPFAR sílẹ̀, ètò ìrànlọ́wọ́ lórí HIV, owó ìjọba Amẹ́ríkà ni ìyẹn, kì í ṣe owó ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 2006 ìjọba Nàìjíríà kéde pé oògùn náà ti di ọ̀fẹ́ ní ọsibítù ìjọba. Owó oògùn fúnra ẹ̀ náà já wálẹ̀ nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ní Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nígbà tó fi di 2023 Global Fund ń rí oògùn ọdún kan gbáko fún ẹnì kan rà ní ohun tí kò tó $45. Láti $10,000 dé $45! Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kò sóhun tó yí padà nínú ọ̀rọ̀ HIV, ẹ fi èyí hàn án.

Ohun tó wà nínú igò yẹn náà ò ṣókùnkùn. TLD ni wọ́n ń pè é, oògùn mẹ́ta ni wọ́n rọ pọ̀ sínú horo kan, tenofovir, lamivudine àti dolutegravir, horo kan lójúmọ́, ó parí. Òun kan náà lẹ máa bá ní ọsibítù ìjọba, ní ọsibítù míṣọ́n, ní Kabba, ní Lokoja, ní Ìlọrin. Ó ń kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é, á wọ Nàìjíríà, á gba ilé ìpamọ́ oògùn, á wá pín sí àwọn kílíníkì tí wọ́n ti fọwọ́ sí, nọ́ọ̀sì á sì kọ gbogbo horo tó bá jáde sínú ìwé nítorí pé àwọn tó rán an máa wá kà á. Ojúkò kan lójú ọ̀nà yẹn ni ọsibítù míṣọ́n jẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn fẹ́ràn ibẹ̀, ẹni tó wà ní Odo-Ere ò ní fẹ́ rìn dé Lokoja, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì sábà máa ń ní sùúrù, àmọ́ pé wọ́n ń fún yín níbẹ̀ ò sọ ọ́ di tiwọn.

Ó tún wá ku ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù: tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kí ló dé tí wọ́n ń gba owó káàdì lọ́wọ́ mi? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn nǹkan tí owó ìta ń san fún ni tẹ́ẹ̀sì HIV, oògùn HIV, àti tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ka kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó gbowó ìwọ̀nyí lọ́wọ́ yín, tí wọ́n bá gbà á, ẹ béèrè rìsíìtì, kẹ́ ẹ sì lọ sọ fún ọ̀gá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà tẹ́ ẹ bá tún gbé dé, abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀dì, sìkáànù, iṣẹ́ abẹ, ti ọsibítù nìyẹn, wọ́n sì máa gbowó ẹ̀, torí pé ìjọba kì í san owó oṣù nọ́ọ̀sì míṣọ́n, owó tí aláìsàn bá san ni wọ́n fi ń sanwó òṣìṣẹ́ àti dísù jẹnẹrétọ̀. Káàdì náà sábà máa ń bọ́ sí apá yìí. Àwọn ibì kan máa ń yọ ọ́ fún àwọn tó ń gba oògùn, ẹ béèrè, ẹ má tijú.

Ti ẹ̀sìn ńkọ́? Òfin tí PEPFAR ń tẹ̀ lé sọ pé ẹgbẹ́ tó bá gba owó yẹn ò gbọ́dọ̀ fi ṣe ìsìn tàbí ìwàásù, kò sì gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni tàbí dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí ẹ̀sìn ẹ̀. Mùsùlùmí láti Kabba, Kátólíìkì, ará ECWA, ẹni tó ń bọ òrìṣà, ẹni tí kò lọ síbì kankan, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń pín oògùn. Tẹ́ ẹ bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọrin àárọ̀ kí kílíníkì tó ṣí, ọsibítù ló ṣètò ìyẹn fúnra ẹ̀, ẹ lè bá wọn kọ ọ́, ẹ sì lè jókòó jẹ́ẹ́, nọ́ńbà yín ò ní yí padà.

Kí n yára fi ti kọ́ńdọ̀mù kún un torí ó máa ń ya àwọn kan lẹ́nu pé ibì kan á fún èèyàn, ibòmíì ò ní dárúkọ ẹ̀ rárá. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin owó yẹn ní 2003, wọ́n gbà kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn gba owó láìṣe pé wọ́n pín ohun tó lòdì sí ẹ̀rí ọkàn wọn, wọ́n sì ní kí ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìdènà lọ sórí ìkóra-ẹni-níjàánu, ọdún 2008 ni wọ́n tó yọ àṣẹ ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn. Ipa ẹ̀ ṣì wà láwọn ibì kan. Tí kílíníkì míṣọ́n tẹ́ ẹ ń lọ ò bá ní in, ẹ gbà á ní ọsibítù ìjọba, kò sẹ́ni tó máa gba oògùn yín lọ́wọ́ yín nítorí ẹ̀.

Ibi tó le jù, tó sì ń dùn mí jù, ni ọ̀rọ̀ àdúrà àti tẹ́ẹ̀sì. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ibí yìí dáadáa. Tẹ́ẹ̀sì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Èyí tí wọ́n fi ń gún ìka, tí ìlà máa ń jáde lára bébà tín-ínrín, kì í wá kòkòrò, ohun tí ara èèyàn ṣe láti fi bá kòkòrò jà ló ń wá, ìyẹn sì sábà máa ń wà lára èèyàn títí ayé, torí náà ó ṣì máa ń sọ pé pọ́sítífù kódà tẹ́ ẹ bá ti lo oògùn fún ogún ọdún. Èkejì ni viral load, òun ló ń ka iye kòkòrò tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Tí èèyàn bá ń lo TLD dáadáa fún oṣù mélòó kan, iye yẹn á wálẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kà mọ́, wọ́n á sì kọ ọ́ sórí bébà pé Target Not Detected. Ìdùnnú ńlá nìyẹn jẹ́. Ó túmọ̀ sí pé oògùn ń ṣiṣẹ́, ó sì túmọ̀ sí pé tí ó bá ń wà bẹ́ẹ̀, ẹni náà ò lè kó o ran ọkọ tàbí aya ẹ̀ nípasẹ̀ ìbálòpọ̀, wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọkọtaya.

Ohun tí kò túmọ̀ sí ni pé kòkòrò ti tán. HIV máa ń sùn pamọ́ sínú àwọn sójà kan nínú ara níbi tí oògùn ò ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọjọ́ tí oògùn bá dáwọ́ dúró ló ń jí, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti kún inú ẹ̀jẹ̀ padà. Àwọn tí ayé mọ̀ pé HIV tán pátápátá lára wọn kéré gan-an, ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé gbọ́ nípa ẹ̀ ni Timothy Ray Brown, wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun ẹ̀ ní Jámánì nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣe é, ìtọ́jú tó lè pààyàn ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ níbí. Obìnrin kan tí mo mọ̀, mi ò ní sọ ìlú ẹ̀, gba bébà yẹn, ó mú un lọ fún wòlíì ẹ̀, wòlíì kà á pé wọn ò rí nǹkan kan, ó pè é síwájú ìjọ pé kó wá jẹ́rìí, ìlù dún, wọ́n jó yí i ká. Ó kó igò oògùn tó kù fún wọn níbẹ̀. Nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, kò lè tẹ̀ ṣa á mọ́, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń gbé e dìde. Nígbà tí a gbé e dé kílíníkì, nọ́ọ̀sì ò bínú sí i, ó kàn fa fáìlì ẹ̀ yọ, ó ní kó wá jókòó. Ó padà sórí oògùn, ó wà láàyè. Àwọn míì ò débẹ̀.

Mo gbà nínú àdúrà o, àdúrà ni mo fi jí lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hesekáyà ọba ń ṣàìsàn, ó gbàdúrà, Ọlọ́run dá a lóhùn pé òun á wò ó sàn, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n mú odidi èso ọ̀pọ̀tọ́ wá kí wọ́n fi lé ojú oówo náà. Àdúrà ti gbà, wọ́n ṣì lo oògùn. Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, tẹ́nì kan bá mú bébà wá, ẹ bá a dúpẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́rìí tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó tó kúrò lórí pẹpẹ ẹ sọ fún un pé kó lọ lo oògùn ẹ̀ lálẹ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ.

Ti tẹ́ẹ̀sì ìgbéyàwó, ó kúrú. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ló ń béèrè fún un kí wọ́n tó so yìgì. Èsì yẹn, ti àwọn méjì tó fẹ́ fẹ́ra ni, kì í ṣe ti kọmítì, kì í ṣe ti ìyàwó pásítọ̀. Nàìjíríà ṣe òfin kan ní 2014 tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi HIV yan èèyàn sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí láàárín àwùjọ, àṣírí èèyàn sì ní ààbò lábẹ́ òfin yẹn. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀kan ní in tí èkejì ò ní, ìyẹn ò fòpin sí ìgbéyàwó. Ẹni tó ní in á máa lo oògùn títí kòkòrò á fi lọ sílẹ̀, oògùn wà tí ẹnì kejì náà lè máa lò láti dènà ẹ̀. Ọmọ ńkọ́? Tí wọn ò bá ṣe nǹkan kan, nínú 100 ọmọ, láti 15 dé 45 ló lè kó o lára ìyá. Tí ìyá bá ń lo oògùn ẹ̀, tí ọmọ sì gba omi oògùn tiẹ̀ lẹ́yìn ìbí, kò ní tó márùn-ún. Á fún ọmọ lọ́mú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìfi omi tàbí àgbo sí i, á sì máa lo oògùn lọ. Ẹ̀yin aboyún, tí wọ́n bá fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀ (áyọ́ọ̀nù) tàbí kálísíọ̀mù, ẹ má kàn gbé e mì pọ̀ mọ́ TLD sínú òfìfo, ẹ jẹun sí i tàbí kẹ́ ẹ bi nọ́ọ̀sì bẹ́ ẹ ṣe máa fi àlàfo sí i, torí ó máa ń dín agbára dolutegravir kù.

Ó wá kan apá tó jẹ́ ti àwa ará ìjọ gan-an.

Oògùn ọ̀fẹ́ ni, ọ̀nà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti abúlé inú Bunu wá sí Kabba, owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ lè tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé ẹ̀. Ẹlòmíì wà ní Mopa tí kò lè gbà á nítòsí, torí pé ọmọ àbúrò ọkọ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ní kílíníkì, ó máa wọ mọ́tò lọ sí Lokoja kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, ojú ọ̀nà yìí náà sì rèé pẹ̀lú àwọn ajínigbé. Tó bá dé ilé, iṣẹ́ míì tún bẹ̀rẹ̀. Igò oníke funfun ni oògùn yẹn, tẹ́ ẹ bá fi sínú báàgì ó máa ń dún ṣọ̀ọ̀rọ̀ṣọ̀. Mo ti rí obìnrin tó jókòó sí ẹ̀yìn kílíníkì tó fi èékánná họ bébà ara ẹ̀ kúrò wẹ́wẹ́, tó fa òwú yọ látinú pọ́ọ̀sì, tó kì í bọ ẹnu igò kó má bàa dún, kó tó lọ wọ mọ́tò. Ó ti mú òwú yẹn wá láti ilé. Ojú ta ló ń sá fún? Tiwa ni, àwa tá a jọ ń jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àánú tá à ń ṣe náà máa ń dá kún un. Ìjọ kan tí mi ò ní dárúkọ ra ìrẹsì ní Kérésì kan, inú wọn mọ́, owó ara wọn ni wọ́n fi rà á. Wọ́n wá mú máíkì, wọ́n ní kí àwọn tó ń gba oògùn ní kílíníkì jáde wá síwájú, wọ́n ti gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fi owó kún un. Ẹnì kan ò jáde. Àpò ìrẹsì wà lẹ́sẹ̀ pẹpẹ títí ìsìn fi parí, mo sì mọ̀ pé ó kéré tán èèyàn mẹ́ta wà nínú ìjọ lọ́jọ́ náà tí ebi ń pa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n gbọ́n sí i, wọ́n pín in fún gbogbo opó àti gbogbo ilé tí àgbàlagbà ti ń tọ́ ọmọ ọmọ, wọn ò béèrè àìsàn tó ń ṣe ẹnikẹ́ni, ó sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó yẹ kó dé.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí ẹgbẹ́ obìnrin, tàbí ẹgbẹ́ Vincent Mímọ́ lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, bá fẹ́ ran àwọn èèyàn yìí lọ́wọ́, kí wọ́n gbé owó ọkọ̀ fún nọ́ọ̀sì tàbí kánsẹ́lọ̀ kílíníkì kó bá wọn fún ẹni tó nílò ẹ̀, kí orúkọ má kan ìjọ rárá. Kí wọ́n san owó ilé ìwé ọmọ òrukàn bí wọ́n ṣe ń san ti ọmọ òrukàn yòókù. Kí wọ́n dúró ti opó nígbà tí ẹbí ọkọ bá fẹ́ gba oko kajú lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ju ìrẹsì lọ, nítorí tí oko bá lọ ebi á dé, tí ebi bá dé èèyàn á máa fo oògùn, á ní òun ò lè gbé e mì sínú òfìfo. Ṣé ẹ rí i bó ṣe so kọ́ra? TLD ò nílò oúnjẹ kó tó ṣiṣẹ́ o, ẹ lè lò ó láìjẹun, àmọ́ ta ló máa rántí oògùn nígbà tí ọmọ ń sunkún ebi.

Ìdí míì tún wà tó fi yẹ ká mú iṣẹ́ yìí ní kánkán. Ní January 2025 ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, ìpayà ńlá dé, àwọn èèyàn ń sáré lọ gba oògùn bíi pé kò ní sí mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n yọ oògùn tó ń gba ẹ̀mí là kúrò nínú ìdádúró yẹn, ní oṣù kejì ìjọba Nàìjíríà náà fọwọ́ sí N4.8 bílíọ̀nù láti ra oògùn kún un. Oògùn ò tán. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, àwọn tí owó yẹn ń san owó oṣù wọn, àwọn tó ń pe aláìsàn lórí fóònù nígbà tí kò bá wá, àwọn tó ń tọ̀ ọ́ lọ sílé, ọ̀pọ̀ wọn pàdánù iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ò nílò dọ́là. Àwọn obìnrin ìjọ ti ń ṣe irú ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni méjì tó mọ ẹnu pa mọ́ tí kílíníkì ti kọ́ níwọ̀nba nǹkan lè ṣe é fún gbogbo abúlé kan.

Ẹnu pípamọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi yan èèyàn o, kì í ṣe ẹni tó mọ àdúrà gbà jù.

Èyí tó gbẹ̀yìn fún àwọn tó máa ń rìnrìn àjò, torí àwa Òkun, ìdajì wa wà ní Èkó àti Àbújá. Tẹ́ ẹ bá ń kó kúrò níbì kan, ẹ má kàn lọ bẹ̀rẹ̀ tuntun níbòmíì bíi pé ẹ ò lò ó rí. Ẹ gba lẹ́tà tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn lọ sí kílíníkì míì, orúkọ oògùn yín àti èsì viral load tó kẹ́yìn á wà lórí ẹ̀, kílíníkì tó bá ń pín oògùn HIV ní Nàìjíríà á gbà á. Tó bá jẹ́ Kérésì tàbí ìsìnkú lásán lẹ bá wá sílé tí oògùn sì tán mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ mú igò òfìfo yẹn lọ sí èyí tó sún mọ́ yín jù, ẹ ṣàlàyé, wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní ìwọ̀nba tó máa gbé e padà. Ẹ gba oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bá gbà fún yín, kẹ́ ẹ sì kọ déètì ìpadàbọ̀ yín síbi tẹ́yin nìkan ti máa rí i.